Máàkì Ìdánwò àti Owó Ìwádìí: Ìtàn GRE ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìbéèrè tí ètò yìí gbé kalẹ̀ kò gùn rárá: nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì bá ń wá owó tí yóò fi ṣe ìwádìí fún oyè gíga, ǹjẹ́ ó yẹ kí máàkì tí ó gbà nínú ìdánwò ọlọ́jọ́ kan sọ bóyá yóò rí owó náà gbà tàbí kò níí rí i gbà? Ìdáhùn rẹ̀ ni kò rọrùn. Àwọn kan yóò ní ó yẹ, nítorí pé ìdánwò kan náà ni gbogbo olùbéèrè ṣe, ìdánwò kò sì mọ ọmọ ọba yàtọ̀ sí ọmọ àgbẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní kò yẹ, nítorí pé iṣẹ́ ìwádìí kì í ṣe ohun tí a ń fi wákàtí mẹ́ta ṣe, àti pé ẹni tí ó mọ ìdáhùn sí ìbéèrè ẹlòmíràn lè má mọ bí a ti í béèrè tirẹ̀. Kí a tó gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó ti wá a, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti so irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ mọ́ owó ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ náà ni a sì ti tú ìdè náà lójú gbogbo ènìyàn.

Òṣùwọ̀n ni ìdánwò. Àwọn tí ó ń ta gàrí àti ẹ̀wà ní ọjà wa mọ iṣẹ́ kọ́ńgò dáadáa: kọ́ńgò kan náà ni a fi ń wọ̀n fún gbogbo oníbàárà, nítorí náà ìjà kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń fi kọ́ńgò wọn iṣu. Òkìtì ni a ń kó iṣu sí, ojú ni a fi ń wò ó, a ó sì gbé e lọ́wọ́ wò kí a tó dá iye lé e. Bí a bá yọ ariwo inú rẹ̀ kúrò, àríyànjiyàn tí ó wà nínú ìtàn yìí kò ju èyí lọ: ṣé gàrí ni ọgbọ́n ìwádìí ni, àbí iṣu?

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a dárúkọ ni James Bryant Conant, onímọ̀ kẹ́míkà tí ó di ààrẹ Yunifásítì Harvard ní 1933. Nígbà náà, àwọn ọmọ ọlọ́lá ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti kàwé ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olówó gọbọi, ni ó pọ̀ jù ní Harvard. Conant fẹ́ kí àwọn ọmọ tí ó gbọ́n láti àwọn ìlú kéékèèké tí ó wà láàárín ilẹ̀ náà rí àyè wọlé, ìbáà jẹ́ pé bàbá wọn kò ní kọ́bọ̀. Ní 1934, ó dá ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀, ó sì yan ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henry Chauncey pé kí ó wá ọ̀nà tí a ó fi mọ ẹni tí owó náà tọ́ sí. Chauncey kò lè gbára lé máàkì ilé-ìwé nìkan, nítorí pé ọ̀gá ilé-ìwé kan lè máa fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní máàkì bí ẹni ń pín àkàrà, kí èkejì rẹ̀ ní ìlú kejì sì háwọ́. Ìdánwò SAT, tí Carl Brigham ti Yunifásítì Princeton ṣètò, tí a sì kọ́kọ́ lò ní 1926, ni ó mú. James Tobin, ọmọ ìpínlẹ̀ Illinois, wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn náà dé Harvard ní 1935. Ní 1981 ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé. Kì í ṣe láti ti ènìyàn sẹ́yìn ni Conant ṣe mú ìdánwò wá, láti ṣí ilẹ̀kùn ni. Ó yẹ kí a rántí èyí, nítorí pé àwọn tí ó ń bú ìdánwò lónìí máa ń gbàgbé rẹ̀.

Àwọn tí ó ń yin ìdánwò pẹ̀lú ní ohun tí wọ́n ń gbàgbé. Brigham tí a dárúkọ yìí ti kọ ìwé kan jáde ní 1923, níbi tí ó ti fi máàkì ìdánwò àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ti ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn, pé àwọn ẹ̀yà ènìyàn kan ní ọgbọ́n ju àwọn ẹ̀yà yòókù lọ. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1930, òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé ìwádìí òun kò ní ìpìlẹ̀. Ìyẹn wú ni lórí, nítorí pé ọ̀mọ̀wé tí í jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ ní gbangba kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àkọ́kọ́ ti dé ibi tí ìwé kejì kò dé.

Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lépa oyè gíga, ọwọ́ àjọ kan tí ń jẹ́ Carnegie Foundation for the Advancement of Teaching ni ìdánwò tiwọn ti wá. William S. Learned, òṣìṣẹ́ àjọ náà, kò gbà pé ìwé-ẹ̀rí ń sọ ohun tí ó wà lórí ẹni. Láti 1928, òun àti Ben Wood ti Yunifásítì Columbia fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ìdánwò gígùn kan, ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ sì yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n bá àwọn tí ó fẹ́ẹ́ gboyè tí wọn kò mọ̀ tó àwọn ọmọ tí ó ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíramà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kọ́lẹ́ẹ̀jì kan àti èkejì pọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé-ẹ̀rí kan náà ni gbogbo wọn ń fún ni. Nítorí náà, ní oṣù kẹwàá 1937, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ní ẹ̀ka oyè gíga Harvard, Yale, Princeton àti Columbia jókòó ṣe ìdánwò tuntun tí Learned àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò. Ìyẹn ni Graduate Record Examination, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí GRE. Kò sí ẹni tí a tìtorí rẹ̀ gbà wọlé tàbí lé jáde ní ọjọ́ náà, nítorí pé wọ́n ti wọlé ná. Ohun tí wọ́n ń wá ni àwòrán ìmọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé wá láti ibi tí ó ti ń bọ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ nǹkan kékeré yìí di ńlá. Òfin 1944 tí ó fún àwọn ọmọ-ogun tí ó padà dé ní owó ẹ̀kọ́ mú kí àwọn yunifásítì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ní òpin 1947, àwọn àjọ mẹ́ta tí ó ń ṣe ìdánwò pa iṣẹ́ wọn pọ̀, wọ́n dá Educational Testing Service, ETS, sílẹ̀ ní Princeton. Chauncey, ọ̀dọ́mọkùnrin ìjọ́sí, ni ó di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. GRE bọ́ sọ́wọ́ ETS ní 1948, láti 1949 sì ni ìdánwò nípa ìlò ọ̀rọ̀ àti ìlò ìṣirò ti di apá tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ohun tí Learned ń wá ni ìmọ̀ tí a ti kọ́. Ohun tí a wá ń wọ̀n báyìí ni agbára àtikọ́. Àwọn méjèèjì kò jọra, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbìmọ̀ tí ó ń lo máàkì náà ni ó mọ ìyàtọ̀.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ owó gan-an wà. Ní oṣù keje 1945, Vannevar Bush, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó darí iṣẹ́ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà nígbà ogun, fi ìwé kan ránṣẹ́ sí Ààrẹ Truman. Ó ní kí ìjọba máa fi owó ran ìwádìí sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ nígbà àlàáfíà pẹ̀lú, kí ó sì máa ran àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní ẹ̀bùn ọpọlọ lọ́wọ́ láì wo àpò àwọn òbí wọn. Ó gba nǹkan bí ọdún márùn-ún kí àwọn aṣòfin tó fi ẹnu kò. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún 1950, Truman fọwọ́ sí òfin tí ó dá National Science Foundation sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní NSF ní kúkúrú. Conant, ààrẹ Harvard, ni alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀. Bí a bá rí i pé orúkọ àwọn ènìyàn díẹ̀ kan náà ni ó ń yọ lójú ìtàn yìí, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà ṣe ń rin ìrìn-àjò láti ilé kan dé òmíràn.

Ó dára kí àwọn olùkọ́ wo ohun tí òfin náà sọ nípa bí a ó ti pín owó fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé inú gbólóhùn yẹn ni gbogbo ìjà tí ó dé lẹ́yìn náà sá pamọ́ sí. Òfin náà ní agbára olùbéèrè nìkan ni a ó wò. Ṣùgbọ́n bí agbára olùbéèrè méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí owó kò sì káárí, kí a pín in ní ọ̀nà tí yóò fi tàn kálẹ̀ dé àwọn ìpínlẹ̀ gbogbo. Àwọn aṣòfin láti ìpínlẹ̀ tí kò ní yunifásítì ńlá ni èyí tẹ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé agbára méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba? Òṣùwọ̀n wo ni yóò fi wọ̀n ọ́n? Bí ó bá sọ pé ọmọ Montana kò tó ọmọ New York, kí ni yóò fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ bí aṣòfin Montana bá bi í léèrè? Ẹni tí òfin fi sí irú ipò bẹ́ẹ̀ yóò wá nọ́ńbà kiri. Nọ́ńbà kì í jiyàn, kì í sì í ní ìbátan ní ìpínlẹ̀ kankan.

Ní 1952 ni NSF kọ́kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ìwádìí náà. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí National Research Council kó jọ ni ó ń ka ìwé àwọn olùbéèrè, ETS sì ni ó ń ṣètò ìdánwò. Lórí tábìlì ìgbìmọ̀, máàkì ìdánwò, èsì ẹ̀kọ́ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àti lẹ́tà àwọn olùkọ́ tí ó mọ olùbéèrè ni a ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Máàkì nìkan kọ́ ni ó ń dá ẹjọ́, kò sì tọ́ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé bá pọ̀, tí àkókò sì kúrú, ojú tí ó rẹ̀ máa ń sáré lọ sí ibi tí nọ́ńbà wà. Olùkọ́ tí ó ti yẹ ìwé ìdánwò ọgọ́rùn-ún méjì wò rí ní òru kan mọ ohun tí a ń sọ.

Nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà ta Sputnik sójú ọ̀run ní oṣù kẹwàá 1957, ìbẹ̀rù mú Amẹ́ríkà, owó sì tú jáde. Òfin National Defense Education Act jáde ní 1958, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà pín owó yàtọ̀ sí ti NSF. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ni ìjọba fún ní àyè, ẹ̀ka náà ni ó sì yan akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Apá kẹfà òfin yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé òun ni ó fi owó sí ìkọ́ni àwọn èdè tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò kọ́ tẹ́lẹ̀, èdè Yorùbá sì wà lára wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá di ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn, èdè àti àṣà Yorùbá, owó yìí ni wọ́n fi kọ́ bí a ti ń pe ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Kò sí apá kankan nínú ìdánwò GRE tí ó lè sọ bóyá etí ènìyàn yóò gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀. Àwọn tí ó yàn wọ́n ní láti wo nǹkan mìíràn.

Kò pẹ́ tí àwọn olùwádìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ òṣùwọ̀n náà wò. Ní 1974, Warren Willingham, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ETS fúnra rẹ̀, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ nínú ìwé ìròyìn Science. Ohun tí ó rí ni pé máàkì GRE ní ìbátan díẹ̀ pẹ̀lú máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà nínú ẹ̀kọ́ oyè gíga, ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ẹni tí yóò parí oyè dókítà, ọwọ́ GRE kò fi bẹ́ẹ̀ tó o. Ní 2001, Nathan Kuncel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkójọ tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde, tí ó kan akẹ́kọ̀ọ́ 82,659. Àwọn ní GRE wúlò: ó ń sọ nípa máàkì ọdún kìn-ín-ní, ó ń sọ nípa ìdánwò àárín ẹ̀kọ́, pàápàá GRE tí a ṣe lórí ẹ̀kọ́ kan pàtó. Lórí bí ènìyàn yóò ti pẹ́ tó kí ó tó parí àti iye ìwádìí tí yóò tẹ̀ jáde, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ohun kan wà níhìn-ín tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì gbọ́dọ̀ fi ara balẹ̀ gbọ́, nítorí pé àwọn tí ó ń kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ yìí máa ń fò ó dá. Bí olùkọ́ni bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ bá yan kìkì àwọn tí ó ga sínú ẹgbẹ́ rẹ̀, tí a sì wá ń wò ó bóyá ẹni tí ó ga jù láàárín wọn ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù jù, ó lè dà bí ẹni pé gíga kò já mọ́ nǹkankan. Irọ́ ni. Àwọn kúkúrú tí ìbá jẹ́ kí a rí ìyàtọ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí bí a bá wo kìkì àwọn tí GRE ti bá wa yọ́ yàn. Àwọn alátìlẹ́yìn ìdánwò kò jẹ́ kí a gbàgbé àlàyé yìí, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n àlàyé náà kò tó láti gba gbogbo ẹ̀bi kúrò lọ́rùn òṣùwọ̀n. Láàárín àwọn tí ó dé ibi tí a ti ń pín owó ìwádìí, àwọn tí ó ga ni gbogbo wọn. Bí kọ́ńgò kò bá lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín wọn, kí ni a fẹ́ fi í ṣe ní ọjọ́ náà?

Ilé-ẹjọ́ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ líle lórí ìdánwò àti owó ẹ̀kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn tí ó ń wọ yunifásítì ni, kì í ṣe ti olùwádìí. Ìpínlẹ̀ New York ní ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ méjì, tí a ń fi máàkì SAT nìkan pín. Ní 1987, nǹkan bí ìdajì àwọn olùbéèrè, ó tilẹ̀ lé díẹ̀, ni ó jẹ́ ọmọbìnrin, máàkì ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin náà kò sì rẹlẹ̀ sí ti ọkùnrin. Síbẹ̀ ọmọkùnrin ni ó kó ìpín 72 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀bùn tí ó tóbi jù, àti 57 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí ó kéré. Àwọn ọmọbìnrin gbé ìjọba ìpínlẹ̀ lọ sílé-ẹjọ́. Ní oṣù kejì 1989, Adájọ́ John Walker pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun fífi SAT nìkan pín owó náà. Ìdí tí ó fi lélẹ̀ rọrùn: ìpínlẹ̀ ní òun fẹ́ san èrè fún iṣẹ́ tí ọmọ ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ gíramà, ṣùgbọ́n a kò ṣe SAT láti wọn iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíramà. Ohun kan ni wọ́n ní àwọn ń rà, ohun mìíràn ni wọ́n ń wọ̀n.

Ìdájọ́ yẹn kò kan NSF, ṣùgbọ́n ìbéèrè inú rẹ̀ kàn án. Láti 1978, NSF ti ní ètò owó ìwádìí ọ̀tọ̀ fún àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ nínú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ wà lára wọn. Ẹjọ́ kan tí a pè ní 1997 ni ó mú ètò náà wá sí òpin. Láti ìgbà náà, gbogbo olùbéèrè bọ́ sínú ìkòkò kan. Ní 1997 yìí kan náà ni NSF là á kalẹ̀ pé ohun méjì ni a ó máa wò nínú ìbéèrè gbogbo: bí iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ tó, àti àǹfààní tí yóò ṣe fún àwùjọ. Kò sí kọ́ńgò fún èkejì. Díẹ̀díẹ̀, GRE ń fà sẹ́yìn lórí tábìlì ìgbìmọ̀. Ó kọ́kọ́ di ọ̀ranyàn tí a dín kù sí ìfẹ́-inú, nígbà tí 2011 sì fi máa parí, kò sí àyè fún máàkì náà mọ́ nínú ìwé ìbéèrè fún owó ìwádìí NSF. Èsì ẹ̀kọ́, ìtàn ara ẹni, ètò ìwádìí àti lẹ́tà àwọn olùkọ́ ni ó kù. Ariwo kò tó nǹkan nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni owó ìwádìí tí ó lókìkí jù fún ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìdánwò náà sílẹ̀ yẹn.

Àwọn yunifásítì lọ́ra ju ìjọba lọ. Ní 2014, Casey Miller àti Keivan Stassun kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Nature pé ààlà máàkì tí àwọn ẹ̀ka físíìsì fi ń gé àwọn olùbéèrè dànù ń lé àwọn obìnrin àti àwọn aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn.  Ní oṣù kìn-ín-ní 2017, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Vanderbilt tọpa akẹ́kọ̀ọ́ 683 tí ó wọ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn-òun-ẹ̀dá láàárín 2003 àti 2011. GRE sọ òtítọ́ díẹ̀ nípa máàkì tí wọ́n gbà nínú kíláàsì. Kò sọ ẹni tí yóò yege nínú ìdánwò àárín ẹ̀kọ́, kò sọ ẹni tí yóò parí, kò sọ ẹni tí yóò tẹ ìwádìí jáde. Ní pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa, kò sọ ẹni tí yóò rí owó ìwádìí gbà ní orúkọ ara rẹ̀. Ní oṣù náà gan-an, ìwádìí mìíràn láti Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill jáde, tí ó wo iye ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ jáde. Lẹ́tà àwọn olùkọ́ ni ó fi ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ hàn. Máàkì GRE kò fi í hàn. Àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ GRE sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àrùn kòrónà ti àwọn gbọ̀ngàn ìdánwò pa ní 2020, púpọ̀ tí ó ṣì ń ṣiyè méjì tẹ̀lé wọn. ETS náà ṣe ohun tí oníṣòwò ń ṣe bí ọjà bá kùtà: ní oṣù kẹsàn-án 2023, ó gé ìdánwò náà kúrú sí wákàtí méjì ó dín díẹ̀.

Ṣé a ti dáhùn ìbéèrè nìyẹn? Ó kù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo lẹ́tà olùkọ́ tí ó borí yìí. Ta ni ń rí ojúlówó lẹ́tà gbà? Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ìgbìmọ̀ mọ̀ ni. Ta ni ń rí àyè ṣiṣẹ́ ní irú yàrá bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó wà ní yunifásítì ńlá, tí kò sì ní láti máa ta ọjà ní ọjọ́ ìsinmi kí ó tó jẹun. Àìdọ́gba tí a lé jáde ní ojú ọ̀nà lè gba ojú fèrèsé wọlé. Conant mọ èyí ní 1934. Lẹ́tà àwọn ọlọ́lá nípa àwọn ọmọ ọlọ́lá ni ó ń sá fún tí ó fi ké sí ìdánwò. Ẹni tí ó bá ní kí a kọ ìdánwò sílẹ̀ láì ronú lórí ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ kò tíì ka ìtàn náà tán.

Ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn kan àwọn ọmọ wa. Owó NSF kò sí fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí olùgbé ibẹ̀ títí láé. Ẹni tí ó gboyè ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ tàbí ní Èkó, tí ó sì fẹ́ lọ ṣe oyè dókítà ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ yunifásítì tí ó gbà á ni yóò máa wò: iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ olùkọ́, iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ olùwádìí, tàbí ẹ̀bùn owó tí yunifásítì náà fúnra rẹ̀ ń pín. Ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ní Iowa tàbí Kansas lè má mọ ohun tí ipò kejì apá òkè túmọ̀ sí ní yunifásítì wa, níbi tí àwọn olùkọ́ kan kì í fi máàkì tọrẹ. Lẹ́tà tí ọ̀jọ̀gbọ́n wa kọ lè má ní agbára lójú wọn, nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Inú irú òkùnkùn yìí ni Learned wà ní 1928, GRE sì ni iná tí ó tàn sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni máàkì GRE ti bá sọ̀rọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ bàbá wọn. Ṣùgbọ́n owó ìdánwò náà lé ní igba dọ́là, èyí tí ó lè ju owó oṣù olùkọ́ lọ nílé. Ẹ̀dínwó tí ETS ń ṣe fún aláìní, àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà ni a ṣe é fún ní pàtàkì. Ìdánwò tí ó ń ṣílẹ̀kùn fún ẹnì kan ni ó ń béèrè owó ibodè lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ibi kan kù tí máàkì ṣì ń jọba láì pariwo. Nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, àwọn onímọ̀ lè ka iṣẹ́ olùbéèrè fúnra wọn kí wọ́n sì mọ èyí tí ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn owó tí yunifásítì ń pín láàárín gbogbo ẹ̀ka, ìgbìmọ̀ aládàlù ni ó ń pín in: onímọ̀ kẹ́míkà, onítàn, onímọ̀ ẹ̀rọ àti olùkọ́ èdè yóò jókòó yí tábìlì kan ká. Onímọ̀ kẹ́míkà kò lè sọ bóyá ètò ìwádìí lórí oríkì jinlẹ̀. Olùkọ́ èdè kò sì mọ èyí tí ó jẹ́ tuntun nínú ọ̀rọ̀ kẹ́míkà. Ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn lè kà ni nọ́ńbà. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè bóyá máàkì GRE yóò kan owó òun, kí ó kọ́kọ́ béèrè àwọn tí yóò jókòó sídìí tábìlì náà àti ohun tí wọ́n lè kà. Kí ó béèrè pẹ̀lú bóyá ẹ̀ka tí ó fẹ́ wọ̀ ṣì ń gba máàkì náà, nítorí pé ẹ̀ka méjì nínú yunifásítì kan náà lè ní òfin méjì.

Ní oṣù kẹrin 2025, NSF kéde orúkọ 1,000 akẹ́kọ̀ọ́ fún owó ìwádìí rẹ̀, nǹkan bí ìdajì iye tí ó ti mọ́ wọn lára, kí ó tó fi 500 kún un ní oṣù kẹfà. Owó tí ẹni tí ó bá wọlé ń gbà jẹ́ 37,000 dọ́là lọ́dún, fún ọdún mẹ́ta. Kò sí máàkì ìdánwò kankan nínú ìwé tí ìgbìmọ̀ kà. Àwọn tí a já sílẹ̀ ní ọdún náà kò lè dá GRE lẹ́bi.